Ọṣẹ Tí Àbẹ̀kẹ́ Fi Fọ Ríbọ́ọ̀nù Jámánì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ṣòkòtò oníbàárà kan ṣì wà lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì rán tán. Láti ìgbà náà, bí kọ́kọ́rọ́ wọ́dà bá ti dún báyìí, màá rò pé wọ́n ti wá mú mi lọ síbi igi, màá sì sá wọ kọ̀rọ̀. Èmi tí mo pa èèyàn, kọ́kọ́rọ́ ni mò ń sá fún. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Télọ̀ ni mí l'Ájégúnlẹ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Láàárín àwọn ọdún 1980, ará Jámánì kan tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ gbé mẹ́dà, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ológun bàbá rẹ̀, wá, kí n bá òun tún ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ rán. Òun ló sọ fún mi pé àwọn òyìnbó kan wà tí wọ́n ń kó irú mẹ́dà bẹ́ẹ̀ jọ, àti pé àwọn oníjìbìtì ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ó ní ó rọrùn láti sọ irin di ògbólógbòó, òwú ló ṣòro. Òwú sì ni iṣẹ́ tèmi. Mo máa ń lọ rán kọ́tìnnì ilé ijó kan l'Ápápá lọ́sàn-án, níbi tí iná búlúù wọn ti máa ń mú kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tàn bí eyín. Mo gbé ríbọ́ọ̀nù àtijọ́ yẹn lọ síbẹ̀, kò tàn rárá. Mo gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn tàn yanran. Ó yé mi pé èyí tó bá tàn, ayédèrú ni. Mo ra irú gílóòbù bẹ́ẹ̀, mo gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù.

Kò pẹ́, òyìnbó kan ní Wharf Road kì í ra mẹ́dà kankan àfi tí mo bá ní ojúlówó ni. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà Ríbọ́ọ̀nù. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Lọ́jọ́ kan, Súmọ̀nú, tó ń ta ẹrù àlòkù ní Liverpool Road, gbé ọ̀kan wá. Mo gbé e sábẹ́ iná búlúù, ó tàn bí àtùpà.

"Ẹ̀gbọ́n, tí òyìnbó bá dé, ẹ kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ rárá."

"Orí tí mo bá mì, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni?"

"Ta ni wọ́n ti mú rí torí pé ó mi orí? Abeg, ẹ má dà mí láàmú."

Òyìnbó dé, mo mi orí. Ó rọrùn. Ìkejì tilẹ̀ rọrùn ju àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, bàbá àgbàlagbà kan wá láti Ìjọra. Bàbá tó bí i jagun ní Kàmẹ́rúùnù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fún ará Jámánì kan tó ń kú lọ lómi mu, onítọ̀hún sì já mẹ́dà àyà rẹ̀ fún un: irin tí wọ́n ṣe bí àgbélébùú, ríbọ́ọ̀nù dúdú tó ní ìlà funfun létí. Mo tan iná búlúù. Ìlà funfun náà tàn.

"Bàbá, ṣé ẹ fọ̀ ọ́ ni?"

"Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ló fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fọ̀ ọ́ lánàá, kó lè mọ́ lójú òyìnbó."

Ó yé mi. Ọṣẹ yẹn gan-an ló ń mú kí ṣẹ́ẹ̀tì tàn. Mo gbé òòfà tí mo yọ lára rédíò sún mọ́ mẹ́dà náà, ó gbá a mú, bẹ́ẹ̀ òòfà kì í sábà mú ayédèrú. Ojúlówó ni. Súmọ̀nú tó jókòó tì mí sì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ayédèrú ni, bàbá. Ẹ jẹ́ kí Súmọ̀nú fún yín ní nǹkan díẹ̀ lórí ẹ̀."

Bàbá ti mẹ́dà náà sọ́dọ̀ Súmọ̀nú. "Bàbá mi parọ́ fún mi nìyẹn," ó ní, ó gba owó díẹ̀ náà, ó sì lọ.

Ọjọ́ kẹta ló padà wá. Ó ní kí n dá mẹ́dà òun padà, ayédèrú tàbí ojúlówó, bàbá òun ló ni ín. Mẹ́dà náà wà lórí tábìlì, pẹ̀lú ìwé tí mo ti kọ fún òyìnbó pé ojúlówó ni. Bàbá mọ̀wé jù mí lọ. Ó kà á.

"Olè ni ẹ́! Wharf Road ni mò ń lọ báyìí. Òyìnbó yẹn á gbọ́ irú ẹni tó o jẹ́."

Kì í ṣe ọlọ́pàá ló bà mí lẹ́rù. Orúkọ Dókítà ni mi ò fẹ́ kó bọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo sì là á mọ́ bàbá náà lórí. Kò dìde mọ́. Súmọ̀nú sá. Èmi ò sá. Ẹ má pè é ní ìgboyà, mi ò kàn mọ ibi tí màá sá lọ ni. Orí àpótí ìjókòó mi ni ọlọ́pàá ti bá mi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́dà ní Àbẹ̀kẹ́ wá rí mi. Mo ní kó sọ pé mi ò sí nílé.

"Télọ̀, ibo lo lọ?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fà mí jáde.

Mẹ́dà náà wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Kóòtù ti dá a padà fún un. Ó ṣì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

"Bọ̀dá Télọ̀, ohun kan ni mo wá bi yín. Ṣé ọṣẹ mi ló bà á jẹ́? Ṣé èmi ni mo fa ikú bàbá mi?"

Ọdún mélòó ló ti ń gbé ìyẹn kiri! Mo fa òwú kan yọ níbi tí ríbọ́ọ̀nù ti ṣẹ́po, mo ní kí wọ́dà ṣáná sí i. Òwú nọ́lọ́ọ̀nù òde òní tí wọ́n fi ń ṣe ayédèrú ìbá yọ́, ìbá ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Èyí jó di eérú, ó ń rùn bíi bébà tó jó.

"Òwú àtijọ́ ni. Ọṣẹ ẹ ò bà á jẹ́. Bàbá àgbà ẹ ò parọ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé ojúlówó ni. Ọwọ́ mi ló pa bàbá ẹ, kì í ṣe ọṣẹ."

Ó sunkún, ó sì nu ojú. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ mi ló máa kà á." Mo kọ ọ́. Nígbà tó dìde, ó ní, "Mi ò tíì dárí jì yín o. Ṣùgbọ́n etí ríbọ́ọ̀nù yìí ti ń ya. Màá mú abẹ́rẹ́ wá, ẹ ó bá mi rán an." Wọ́dà ní òun gbà, tí òun bá ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá ní kí ẹ kàn mi orí, ẹ jẹ́ kí ọrùn yín le. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, kódà bí orúkọ tí wọ́n fi ń yẹ́ yín sí bá máa bọ́. Mo pẹ́ kí n tó sọ ọ́, síbẹ̀ ẹrù kan ti kúrò lọ́rùn obìnrin yẹn.

Kọ́kọ́rọ́ ti tún ń dún lọ́nà. Mo ṣì kọ́kọ́ sá wọ kọ̀rọ̀, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n mo ti fọ ọwọ́ mi sílẹ̀ de ríbọ́ọ̀nù náà. Ó lè jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ló mú abẹ́rẹ́ dé.