Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Fọ̀ Kúrò Lára Sùtánà

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ṣì ń fọ sùtánà ọkọ mi. Kò sí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ mọ́. Mo máa ń sá a sórí okùn níwájú ilé wa l'Ákànràn, bí atẹ́gùn bá sì wọnú apá rẹ̀, á dà bíi pé Bàbá Dàmi ló ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, àárò ọkọ mi ń sọ mí! Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti sunkún wọn, nítorí ohun tí mo mọ̀ tí n kò sọ.

Àgbà ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí mo ń fọṣọ, mo rí ẹ̀jẹ̀ níwájú sùtánà náà, kò ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Wọ́n ti ń tọ̀ lemọ́lemọ́ lóko, mo tiẹ̀ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ló ń bomi rin kòkó wa. Ṣé kí n wá sọ fún wọn, àgbà ìjọ, pé ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ mímọ́ wọn? Mo fi ọṣẹ bó o, mo fi búlúù ṣan án, mo gbé e fún wọn ní funfun báláú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá Dàmi, kò sí ẹni tó mọ aṣọ fọ̀ bíi tìrẹ," èmi á sì rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ẹ̀yìn ríro dá wọn dùbúlẹ̀ la tó dé ọsibítù. Jẹjẹrẹ tó ń mú ọkùnrin lábẹ́ àpò ìtọ̀ ni, ó sì ti wọ eegun. Dókítà ní ìtọ́jú rẹ̀ ti gòkè gan-an láyé ìsinsìnyí, pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà yẹ̀ wò, ẹ̀rọ á sì ya àwòrán ibẹ̀, àti pé bí wọ́n bá tètè rí i, ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ níbẹ̀. Dókítà bi ọkọ mi bóyá wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ wọn rí. "Rárá o," ni wọ́n wí. Mo dákẹ́. Àbí àwọn náà rí i, tí wọ́n ń fi pamọ́ fún mi? N kò lè bi wọ́n mọ́. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Dàmi, ọmọ wa, ti lé lógójì ọdún. Dókítà ní kí ó lọ ṣàyẹ̀wò, kí ó má dúró de àmì, torí àrùn yìí máa ń tẹ̀ lé ìdílé. Ó kọ̀. "Màámi, Bàbá ò rí àmì kankan tí àrùn náà fi mú wọn lọ. Àmúwá Ọlọ́run ni. Kí ni mo fẹ́ lọ wò?"

Èsì rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, á lọ ṣàyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ṣé á tún pè mí ní màámi? Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń fọṣọ ọkọ, bí ẹ bá rí ohun tí mo rí, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó da omi sí i. Ní tèmi, Sátidé tó ń bọ̀ ni Dàmi ń bọ̀ wá kí mi, sùtánà bàbá rẹ̀ á sì wà lórí okùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀?