Ẹ Má Dá Oògùn Àbúrò Mi Lẹ́bi

Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Màmá, ẹ̀yin náà, ẹ sinmi ariwo ná. Bí mi ò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, yóò pa ènìyàn. Láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń pariwo pé, "Oògùn tí wọ́n fi ń mú ènìyàn sùn kí wọ́n tó là á, òun ni wọ́n ń fà sí ọmọ mi lára!" Ó ti sú mi! Kẹtamíìnì, oògùn tí ẹ ń bá wí yẹn, kọ́ ló fẹ́ pa àbúrò mi. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, èmi ni.

Ẹ mọ bí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe bá ọmọ yìí jà tẹ́lẹ̀. Kò wẹ̀, kò jẹun, ikú ló ń tọrọ. Gbogbo oògùn tí a lò, pàbó ló já sí. Ìgbà tó gba kẹtamíìnì díẹ̀díẹ̀ níbí ló tó ní kí n fún òun ní ìyarun. Màmá, ẹ sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà, àbí ẹ ti gbàgbé?

Oògùn náà léwu tí a ò bá ṣọ́ ọ, mi ò purọ́. Ó máa ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọn ìfúnpá ṣáájú. Tó bá ti ga, a ò ní bẹ̀rẹ̀. Èmi yìí gan-an ni mò ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun!

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ̀n ọ́n, ó ga. Mo tún un wọ̀n, ó tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Ṣé ò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ?" Ó ní òun ti pa á tì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Mo ní kó máa lọ sílé. Ló bá di aṣọ mi mú: "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá dá mi padà lónìí, ẹ ò ní bá mi láàyè." Ó yẹ kí n pè yín, Dókítà. Ẹ ò bá dá a dúró síbí, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti tán nínú mi. Mo tú ìdè ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá kúrò ní apá rẹ̀, mo dì í mọ́ apá tèmi. Ẹ yọjú: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó dára?" Mo fi ara bo apá mi. "Ó dára, sà." Ẹ wo ojú ẹ̀rọ, ìfúnpá tèmi lẹ rí níbẹ̀, ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi fẹ́ là. Mi ò rí yín dáadáa." Ẹ sáré wọlé, ẹ dá oògùn dúró, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Ẹ wá ń bi ara yín pé, "Ìfúnpá tó dára, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo dúró síbẹ̀, mò ń ká aṣọ ibùsùn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ọ̀dájú ni mí!

Ní báyìí, ẹ ní ara rẹ̀ kò gba oògùn náà, ẹ ò ní fún un mọ́ láéláé. Àbúrò mi gbọ́, kò fẹnu kan oúnjẹ láti ìgbà náà. Ó mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sọ, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ wá gbọ́ wàhálà! Ẹni tí ikú ń wù ló ń dáàbò bo iṣẹ́ mi!

Dókítà, mo kúnlẹ̀. Ẹ bá wa mú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ kẹtamíìnì rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Ẹ lé mi, mo gbà. Ẹ ṣáà má fìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́.