Mo Ní Inhye Kò Sọ Fún Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Harin tó ń darí ètò ti kì mí tán: ó ní Ẹ̀gbọ́n Tak Seryeong rèé, ọmọ ẹ̀ka ìtàn bíi tiyín, ẹni tó ka ìtàn tó tún ka ìmọ̀ ìṣòwò pọ̀ mọ́ ọn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní báńkì lónìí. Ó ní kí n wá sọ fún yín bóyá kí ẹ mú ẹ̀kọ́ kejì tàbí kí ẹ má mú un, nítorí pé ètò ìforúkọsílẹ̀ kò ní pẹ́ parí. Ọdọọdún ni wọ́n ń pè mí, ọdọọdún ni mo sì ń dúró síbí yìí tí mo ń pa irọ́ kan náà. Màá ní ìforítì ni. Màá ní ẹni tó bá múra á rí i. Ẹ óò máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ óò sì bá mi ya fọ́tò. Lónìí, irọ́ náà kò jáde lẹ́nu mi mọ́, mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin bí mo ṣe ń bọ̀. Bí mo ṣe fi èrú gba ẹ̀kọ́ kejì mi ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi jáde kí n tó parí, ilẹ̀kùn rèé, mi ò ní bá yín jà.

Pyo Inhye lorúkọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Yàrá kan náà la jọ ń gbé láti ọdún kìíní. Abúlé kan ní Sangju ló ti wá, níbi tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń gbin èso gam, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n sì ń fi okùn so ó rọ̀ sábẹ́ òrùlé kó lè gbẹ. Bó bá ti ilé dé báyìí, gam gbígbẹ á kún inú báàgì rẹ̀, èmi ló sì máa ń kọ́kọ́ fún. Ọmọ náà mọ̀wé. Ó lè jókòó ti ìwé àtijọ́ kan títí oúnjẹ rẹ̀ á fi tutù, kò ní mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ àwàdà tí wọ́n ń fi wá ṣe níta. Bí wọ́n bá bi wá pé kí la kà, a óò tẹríba, a óò ní, “Ẹ má bínú, ìtàn ni mo kà o.” Inhye máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kì í rín. Ó máa ń dùn mí dé egungun, torí mo mọ̀ pé lóòótọ́ ni kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà wá síṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ìmọ̀ ìṣòwò bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Àmọ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, máàkì ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Ní ọdún tiwa, àyè kan péré ni wọ́n fún ẹ̀ka ìtàn. Máàkì Inhye sì ga ju tèmi lọ.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé Inhye fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó fẹ́. Ó jókòó lórí ibùsùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, “Seryeong, ṣé kí n mú un àbí kí n fi í sílẹ̀? Bàbá mi ní ta ló máa sanwó fún mi lórí ọ̀rọ̀ ọba tó ti kú. Àmọ́ tí mo bá ń ka méjì pọ̀, ìgbà wo ni màá ráyè ka èyí tí mo fẹ́ràn?” Ọ̀rẹ́ gidi á ní kó jẹ́ ká jọ rò ó. Èmi ní, “Ìwọ! Pẹ̀lú orí pípé yìí? O fẹ́ lọ jókòó sáàárín àwọn tó ń ka èrè àti àdánù? Ìtàn ni tìẹ jàre. Jẹ́ kí àwa olódo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tajà.” Ó ju gam kan lù mí, ó ní, “Wo ẹnu ẹ! O kì í kúkú ṣe olódo.” Mo gba gam náà, mo jẹ ẹ́. Ìyìn ni mo fi bò ó lójú, kó má baà rí ọ̀nà. Kò kúkú ràn án. Nígbà tó yá, ó ní òun máa forúkọ sílẹ̀ náà, kí bàbá òun lè rí oorun sùn, pé bí wọ́n bá mú òun, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rò ó bóyá òun fẹ́ ẹ. Inú bí mi sí i. Ẹ gbọ́ o, mo bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kú lé lórí, òun lè gbà á kó sì tún dá a padà.

Nínú kíláàsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Bong ló ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń kọ́ wa ní ìpìlẹ̀ ìṣòwò. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ yege níbẹ̀, iṣẹ́ àpapọ̀ ló sì kó máàkì jù. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún yín bí iṣẹ́ àpapọ̀ ṣe rí, ojú yín ti rí nǹkan. Ẹ mọ òfin tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kan: ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, olórí ẹgbẹ́ á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lọ dúró síwájú kíláàsì, òfo ni olùkọ́ á sì fún onítọ̀hún. Òfin náà dára fún ọ̀lẹ. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ parí iṣẹ́ náà, bàbá Inhye pè lórí fóònù pé ìyá rẹ̀ ṣubú lábẹ́ igi gam, ara rẹ̀ lápá kan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Inhye ń kó aṣọ, ó ń sunkún. Ó ní, “Seryeong, ìwọ lolórí, bá mi sọ fún àwọn yòókù. Màá ṣe apá tèmi láti ọsibítù, màá fi ránṣẹ́ sí ẹ.” Mo ní, “Lọ, jàre. Má ro tibí rárá. Màá sọ fún wọn.” Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdó bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ń sọ ọ́, ó wà lọ́kàn mi pé màá sọ fún wọn lóòótọ́.

Àwa tó kù pàdé ní ilé kọfí lẹ́yìn iléèwé. Ma Gyuho wà láàárín wa, ọmọ ẹ̀ka ìṣòwò tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ní, “Ta ni Pyo Inhye yìí gan-an? Èèyàn ni àbí iwin? A ń pè é nínú gúrúùpù, kò dáhùn. Olórí, ṣé ó bá ẹ sọ nǹkan kan ni?” Gbogbo wọn wò mí. Mo fi ife kọfí bo ẹnu. Gyuho ní, “Ó dáa, yọ ọ́. Ajẹ-iṣẹ́-oníṣẹ́ ni.” Mo ṣí kọ̀ǹpútà níwájú wọn, mo pa orúkọ náà rẹ́, ẹnì kan sì tún ní mo káre, mo ní ọkàn olórí. Apá tí Inhye ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ti wà lórí fóònù mi nígbà yẹn. Mo lò ó. Mo kó o sínú tèmi láìyọ nǹkan kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì yìn mí lórí rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì.

Bí mo bá ní ibẹ̀ ló parí sí, irọ́ ni mo tún ń pa. Inhye padà dé, ó rí òfo. Mo ní Gyuho ló yọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó sì gbà mí gbọ́. Ó ní kí n bá òun lọ rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bong, ó di apá aṣọ mi mú títí a fi dé ẹnu ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ gba abẹ́rẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó ní kó dúró síta. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Tak Seryeong, èmi kì í ṣe ìkà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣé ọmọ yìí sọ fún ẹ kó tó lọ? Bó bá sọ, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, màá sì fún un ní máàkì rẹ̀ nísinsìnyí.” “Bẹ́ẹ̀ ni” kan péré ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo rí èjìká Inhye láti ara gíláàsì ilẹ̀kùn. Mo rántí àyè kan péré yẹn. Mo ní, “Rárá, sà. Kò sọ fún mi.” Ohùn mi kò tilẹ̀ gbọ̀n. Mo jáde, mo ní, “Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.” Inhye dì mọ́ mi. Ó ní, “Má sunkún mọ́, o ti gbìyànjú.” Èmi ni mò ń sunkún o, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Wọ́n mú mi. Inhye ní òun á lọ tọ́jú ìyá òun fún ìgbà díẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Lọ́dọọdún, bí ìgbà òtútù bá ti dé, ó ń fi gam gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò lè jẹ ẹ́, mo ń kó o fún àwọn ará ibi iṣẹ́, wọ́n á sì ní mo mà ní ọ̀rẹ́ gidi o. Lóṣù tó kọjá, ìyá rẹ̀ kú. Mo lọ síbi òkú náà. Inhye wọ aṣọ dúdú, ó gbé ọbẹ̀ ẹran pupa síwájú mi, ó sì pe àwọn àbúrò ìyá rẹ̀, ó ní, “Ẹ wá wo Seryeong. Nígbà tí gbogbo wọn yọ orúkọ mi, òun nìkan ló bẹ olùkọ́ fún mi.” Àwọn obìnrin náà ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, wọ́n tún bu ẹran kún ọbẹ̀ mi. Wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wò mí. Mo jẹ ẹ́ tán.

Mi ò lè sùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo padà lọ sí Sangju, mo bá a lábẹ́ òrùlé tó ń bó gam, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ fún mi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní, “Ó ṣeé ṣe kí n má mú un, ṣé o mọ̀? Mi ò tíì pinnu. Ó ṣeé ṣe kí n ní mi ò ṣe, kí n dúró ti ìtàn mi. O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n yàn.” Mo kúnlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, “Dìde. Kì í ṣe èmi ló yẹ kí o bẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà sílé ni ìyá mi ti ń bẹ̀ mí. Bí mo bá ń fún un lóúnjẹ, á ní, ‘Ọmọ mi, má bínú, àìsàn mi ló ba ẹ̀kọ́ rẹ jẹ́.’ Màá ní kì í ṣe òun, kò gbà. Ó sọ ọ́ títí tó fi kú. Lọ bá ìyá mi, Seryeong. Lọ sọ fún un pé kì í ṣe òun.” Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó ń bó gam rẹ̀ lọ. Mo gun òkè lọ síbi sàréè náà, koríko kò tíì hù dáadáa lórí rẹ̀. Mo da ọtí soju sílẹ̀ fún òkú, mo tẹríba, mo sọ ọ́. Mo tún un sọ sókè. Ẹ̀pa kò bóró mọ́, ẹ̀yin àbúrò mi. Òkú kì í gbọ́.

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ mú ẹ̀kọ́ kejì. Mi ò mọ̀. Ẹ mú un, ẹ má mú un, ẹnu mi kò gba kí n gbà yín nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí ẹgbẹ́ nínú iṣẹ́ àpapọ̀, tí orúkọ ẹnì kan wà lábẹ́ ìka yín báyìí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ pe onítọ̀hún lórí fóònù. Bí ó bá sì ti bá yín sọ̀rọ̀, ẹ sọ pé ó bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba Sangju kọjá, kó bá mi bẹ Inhye. Ti ìyá rẹ̀, mi ò mọ ẹni tí mo lè rán.