Ta Ló Jókòó Sídìí Tírélà Mi?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ké halelúyà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Èmi awakọ̀ yìí, tí mo máa ń bá yín jà lórí ibi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí níwájú ìjọ, mo ní ẹ̀rí kan láti jẹ́ lónìí.

Ẹ ti bá mi gbàdúrà iṣẹ́. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí kí n máa wa tírélà wọn, ọ̀la ni mo sì fẹ́ gbé fọ́ọ̀mù mi lọ. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ bóyá ilé ẹjọ́ ti dá mi lẹ́bi rí nítorí ọkọ̀ wíwà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé rárá. Bàbá Dáníẹ́lì, àgbà ìjọ wa tó jókòó níwájú yìí, ló buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí onídùúró mi. Kí wọ́n tó mú bírò, wọ́n bi mí pé, "Sámúẹ́lì, ṣé kò sí nǹkan tó fara sin?" Mo ní, "Kò sí o, Bàbá."

Irọ́ ni mo pa. Kí n tó kó wá sí ìlú yìí, bíréèkì tírélà tí mò ń wà ò mú dáadáa mọ́, mo sì mọ̀. Dípò kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, òróró àdúrà ni mo ta sára táyà, mo ní Olúwa ti bò ó. Ibi tí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè ni mo ti gbá ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Adájọ́ dá mi lẹ́bi, ó gba láísẹ́ńsì mi, ni mo bá fi orúkọ mìíràn gba tuntun. Sámúẹ́lì tí ẹ ń pè mí yìí, orúkọ láísẹ́ńsì ni. Jákọ́bù ni bàbá mi sọ mí.

Lánàá tí mo ń gbààwẹ̀, mo gbàdúrà ọ̀sán tán, mo na ẹ̀yìn sórí ẹní nínú ìjọ níbí. Bí oorun ṣe gbé mi lọ, ẹnìkan fọwọ́ kàn mí léjìká. Aṣọ rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ ò ṣeé wò. Ó ní, "Jákọ́bù, dìde." Mo dìde, mo tẹ̀lé e.

Ibi tó kọ́kọ́ mú mi dé tutù. Àwọn awakọ̀ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ti bọ́ bàtà, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Mo rí Ìdòwú láàárín wọn, ọ̀rẹ́ mi tó sọ fún iléeṣẹ́ mẹ́ta pé òun ti gbókìtì pẹ̀lú ọkọ̀ rí, tí wọ́n sì lé e ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣọ́bìrì ló fi ń wa yẹ̀pẹ̀ títí tó fi kú. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀, mo ní ṣé òtítọ́ ló fẹ́ fi jẹ̀bà ni. Ẹni tó mú mi lọ ní, "Ayé kọ̀ ọ́, àwa gbà á." Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n. Ó ní àyè mi ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn bíréèkì tó ń jóná. Òkè kan rèé tí kò nísàlẹ̀, tírélà oníná ń já bọ̀ láti orí rẹ̀, àwọn tó ń wà á ń tẹ bíréèkì, wọ́n ń ké. Àwọn ọ̀gá tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ sùn, wọ́n so wọ́n mọ́ iwájú ọkọ̀. Ọkùnrin kan tó níyàwó nílé, tó tún ń gbé obìnrin ní gbogbo gáréèjì, ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo ní, "Olúwa mi o! Ẹ mú mi kúrò níbí." Ó ní, "Ó ku ọ̀kan."

Tírélà kan dúró létí òkè náà. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, Jákọ́bù gangan. Mo yọjú sínú rẹ̀, Bàbá Dáníẹ́lì ni wọ́n jókòó sídìí ọkọ̀! Bàbá tí ò wakọ̀ rí láyé wọn! Mo ní, "Ta ló gbé wọn síbẹ̀?" Ó ní, "Ìwọ ni. Àga tìẹ ni. Òun ló dúró fún ọ." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mo sáré, mo di ilẹ̀kùn mú, ó jó mi lọ́wọ́, mo tún dì í mú, mo ń kígbe pé ẹ bẹ́ sílẹ̀, Bàbá, ẹ bẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ń sáré sí i, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lójú kan, iná ti ń jó bọ̀ níwájú. Bàbá ò tiẹ̀ kígbe. Wọ́n kàn wojú mi, wọ́n ní, "Sámúẹ́lì, ṣé o ti tún bíréèkì rẹ̀ ṣe?"

Igbe tí mo ké ló jí mi. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ìjọ ju ìgbálẹ̀ nù, wọ́n ní, "Kí ló dé?" Fọ́ọ̀mù náà wà nínú Bíbélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi nǹkan pamọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa jìyà rẹ̀. Ẹni tó fọkàn tán yín jù lẹ gbé sídìí ọkọ̀ yẹn.

Mo ti fagi lé "rárá" yẹn nínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ "bẹ́ẹ̀ ni" síbẹ̀, mo kọ Jákọ́bù, mo sì kọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ náà sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ lé mi lọ́la, kí wọ́n lé mi. Bàbá, ìwé náà rèé, bírò rèé. Ẹ fagi lé orúkọ yín lójú gbogbo ìjọ kí n rí i. Ẹ sọ̀kalẹ̀, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀.