Omi Tí Abdulrahman Wọ̀n

Ọjọ́ kẹrìnlélógún rèé tí mo di opó. Mi ò lè máa sunkún òkú kan, kí n sì máa parọ́ mọ́ òkú kejì. Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí.

Láti Ìgbògbò ni mo ti ń lọ sí ọ́fíìsì. Iṣẹ́ mi ni láti ka ooru ojú òkun bí sátẹ́láìtì ṣe rí i láti òkè, kí a lè sọ fún àwọn apẹja bí àkókò ìjì yóò ṣe rí. Bí òkun bá tètè gbóná, ìjì máa ń le. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì wa kì í rí omi bí ìkùukùu bá bò ó. Ìdí nìyẹn tí a fi fún Abdulrahman, apẹja ará Ẹ̀pẹ́, ní tẹmómítà. Yóò bu omi òkun sí garawa, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì pè mí.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìkùukùu bo òkun fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Abdulrahman pè. “Àǹtí, ọgbọ̀n ni o! Omi yìí ti gbóná jù.”

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ooru omi náà ní irú àkókò yẹn lọ́dún tó ṣáájú. Mo ní, “Ṣé kì í ṣe inú oòrùn lo gbé garawa sí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé mo fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà ni, Àǹtí? Ọgbọ̀n ni mo rí. Èmi ò lọ sókun ní tèmi.”

Ọjọ́ kejì ni àsọtẹ́lẹ̀ wa gbọ́dọ̀ jáde. Bí mo bá gba ọgbọ̀n rẹ̀ wọlé, n ó tún ìṣirò odindi oṣù kan ṣe. Ó rẹ̀ mí. Kí ni àárẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ènìyàn? Mo pa á rẹ́, mo fi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rọ́pò rẹ̀. Ìwé jáde pé ìjì kò ní pọ̀.

Ó tún pè. “Ìwé yín ti dé o. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé lẹ mọ̀ ọ́n. Mò ń lọ lọ́la.”

Ọ̀rọ̀ kan péré ì bá dá a dúró. Mo ní, “Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ.” Mo fi orúkọ Ọlọ́run dí ara mi lẹ́nu.

Ìjì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi béèrè ìdí tí àsọtẹ́lẹ̀ fi yẹ̀, mo ní Abdulrahman kò wọn omi lọ́sẹ̀ náà. Òkú kì í jiyàn. Irọ́ mi dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ sí Sọ̀fíyàt, ìyàwó rẹ̀, lójú lọ́jà ẹja pé, “Ọ̀lẹ ọkọ rẹ ló pa ara rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó pa àwọn ọkọ tiwa náà mọ́ ara rẹ̀.”

Mo rò pé èyí ló burú jù. Rárá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sọ̀fíyàt gbé ẹja gbígbẹ wá, ó wá bá mi kẹ́dùn ọkọ mi. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi forí jin ọkọ mi. Kò ṣe iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un.” Mi ò rí ibi sá sí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wá kí mi ń wò wá. Mo ní, “Mo ti dárí jì í.” Ó sì dúpẹ́.

Mo dárí ji ẹni tí mo pa.

Sọ̀fíyàt, mo ti kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi àti sí ẹgbẹ́ apẹja. Ní kí wọ́n kà á sókè lọ́jà, lójú àwọn tó bú ọ. Ọkọ rẹ wọn omi náà, ó sì wọ̀n ọ́n dáadáa. Mo bẹ̀ ọ́, forí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bi ọ́ léèrè ìdí. Ṣùgbọ́n má ṣe kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí Abdulrahman.