“Ki Won Ma Rin”

Ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìwúrí sínú ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ fẹ́ pín fáwọn tó máa rìn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ní kí n sọ bí mo ṣe dá ìdíje ìrìn àdúgbò wa sílẹ̀, kí n sì sọ ohun tó ń fún mi lágbára. Mo ti jókòó ti bébà yìí láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ ìwúrí kankan ò jáde. Ohun tó wà níkùn mi ti di egungun ẹja sí mi lọ́nà ọ̀fun. Bí n kò bá tu ú síta lónìí, òun ni yóò pa mí. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ òótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Kóòṣì, tí ẹ máa ń dìde fún mi lórí àga, olè ni ẹ ń dìde fún. N kò jí owó. Orúkọ rere ẹlòmíràn ni mo jí, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń wọ̀ ọ́ kiri láàárín yín.

Gbogbo yín lẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ tí kò fìdí múlẹ̀ ní ọ́fíìsì eré ìdárayá ti káńsù, yàrá kan tó ní fáànù kan ṣoṣo. Ọ̀gá wa ní kí n wá nǹkan tí yóò mú àwọn èèyàn kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kí òpópónà kọ̀ọ̀kan kó ẹgbẹ́ jọ, kí wọ́n máa rìn láràárọ̀, kí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi kọ́ ìbàdí máa ka ìṣísẹ̀ wọn, kí a sì wo òpópónà tí yóò borí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Onígbàjámọ̀ wa bi mí pé, “Èmi tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ kí wọ́n tó bí ọ, ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní ìrìn?” Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí òun náà fi ń jí ìyàwó rẹ̀ lójú oorun ní ìdájí kí wọ́n lè jọ rìn. Èmi ni mo wá ṣe òfin kan fúnra mi, tẹ́nikẹ́ni ò rán mi: ẹgbẹ́ tí ẹnì kan bá já kúrò nínú rẹ̀ kò ní í gba ipò kankan. Mo rò pé ìyẹn á jẹ́ kí ẹ máa fa ara yín lọ́wọ́. Ẹ sì fa ara yín lọ́wọ́ lóòótọ́.

Ẹni tó mú kí ìdíje náà dùn ni Màmá Yára. Òpópónà tiwa ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tó kángun sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n ti ran aṣọ ilé ìwé fún ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ àwọn ló máa ń kọ́kọ́ dé pápá tí a ti ń gbéra, tí wọ́n á máa pariwo, “Ẹ yára, ẹ yára, oorun ò ní í sanwó fún yín!” Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Bí mo bá bi wọ́n pé ṣé ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n, wọ́n á ní, “Kóòṣì, ẹsẹ̀ yìí ti wa maṣíìnì fún ogójì ọdún láìkúrò lójú kan. Jẹ́ kó lọ wòran díẹ̀.” A ya fọ́tò wọn, a tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ìpolówó ńlá kan, a kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ìyá yìí ń rìn. Ìwọ ńkọ́?” Alága káńsù fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọ̀gá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní bí ọjọ́ ìparí bá lọ geere lójú alága, wọ́n á sọ ìdíje náà di ti ọdọọdún, èmi ni wọ́n á fi ṣe olórí, iṣẹ́ mi á sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo sùn, mo jí, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́. Mo ti fi ọdún méje jẹ́ ẹni tí wọ́n lè ní kó má wá mọ́ lọ́la.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Màmá Yára bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà wọn ò ní okùn. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́bàá pápá, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó tinrín, tó máa ń wá yẹ̀ wá wò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Òun ló gbọ́ bí àyà wọn ṣe ń lù tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Màmá, báwo ló ṣe ń ṣe yín gan-an?” Wọ́n dáhùn pé, “Ó ń lù bíi maṣíìnì tí bẹ́líìtì rẹ̀ tú. Á sáré, á tún dúró ronú.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n yẹ ọkàn wọn wò, wọ́n ní kí wọ́n máa retí èsì. Màmá kì í lè ka ọ̀rọ̀ wínníwínní orí fóònù, nítorí náà nọ́ọ̀sì ní èmi lòun máa fi èsì ránṣẹ́ sí. Láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já pàà nígbàkúùgbà tí fóònù mi bá dún. Kì í ṣe nítorí ìyá náà o! Nítorí òfin tí mo ṣe ni, àti nítorí aṣọ ìpolówó yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi. Mo wà lórí àkàbà, mo ń so aṣọ ìpolówó mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá. Bó ṣe wà lójú fóònù ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: “Kooshi, esi mama ti de. Ki won ma rin. Maa ri yin laaro.” Ẹ̀yin náà ẹ kà á. Ẹnì kan á kà á pé kí wọ́n má rìn. Ẹlòmíràn á kà á pé kí wọ́n máa rìn, nítorí gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń fi “a” kan ṣoṣo kọ ọ́ lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni kì í bínú. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá jẹ́wọ́ rèé: èmi ò ṣì í kà. “Má” ni ojú mi kọ́kọ́ rí. Mo wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ pé òun máa rí wa láàárọ̀, “a” méjì ló kọ. Ẹni tó fi “a” méjì kọ èyí tó gùn, tó fi ẹyọ kan kọ èyí tó kúrú, ó mọ ohun tó ń kọ. Mo mọ̀. Mo dúró lórí àkàbà, mo ń ka gbólóhùn náà lábẹ́ èémí, mo ń fà á, mo ń fà á, bí ọmọdé tó ń fa rọ́bà, títí ó fi gùn tó bí mo ṣe fẹ́. Kò pẹ́ ni nọ́ọ̀sì pè mí. Mo ń gbọ́ igbe obìnrin kan tó ń rọbí lẹ́yìn rẹ̀. “Kóòṣì, ṣé ẹ rí iṣẹ́ mi?” Mo ní mo rí i. “Ṣé ó yé yín?” Mo ní, “Ó yé mi yékéyéké.” Ó ní, “Ẹ ṣeun o, ọkàn mi balẹ̀,” ó sì pa fóònù. Ǹ bá béèrè pé èwo nínú méjèèjì. N kò béèrè, nítorí ẹni tó bá béèrè á gbọ́ ìdáhùn. Mo so aṣọ ìpolówó náà tán, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ ìparí, pápá kún. Alága ti dé pẹ̀lú bàtà ìsáré tuntun tí bébà iye owó ṣì lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Màmá Yára wá bá mi lẹ́yìn tábìlì omi. Ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n ní, “Kóòṣì mi, kí ni ọmọ yẹn wí?” Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní àyè. Mo lè ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún wa. Ẹgbẹ́ òpópónà wa ì bá pàdánù, alága ì bá fajú ro, èmi ì bá padà sídìí fáànù kan ṣoṣo mi. Kò sóhun tó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yọ fóònù, mo nà án síwájú wọn bí ẹni tó ní ẹ̀rí, mo kà á sókè: “Kí wọ́n máa rìn.” Wọ́n ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ló wí, màmá. Ẹ ṣáà máa rọra.” Wọ́n wò mí lójú díẹ̀, wọ́n fa ẹ̀rọ kékeré náà ṣinṣin mọ́ ìbàdí, wọ́n bọ́ sójú òòrùn. Mo fọn fèrè.

N kò jìnnà sí wọn. Ẹ rò pé mo ń tọ́jú wọn ni, ẹ sì yìn mí fún un. Mò ń ṣọ́ wọn ni, bí olè ṣe ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá dúró, èmi náà á dúró. Tí wọ́n bá tún gbéra, màá mí kanlẹ̀. A kọjá ilé epo, a kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n ṣáà dé ibi okùn ìparí, mi ò ní í dán irú rẹ̀ wò mọ́ láé. Níwájú ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ọmọ wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Nọ́ọ̀sì dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ tó fi gbẹ̀bí mọ́jú, ó ń sáré, ó ń kígbe, “Ta ló ní kí wọ́n rìn? Mo ní kí wọ́n má rìn!” Gbogbo ojú yí sí mi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù láyé mi. Ó burú ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ, nítorí òkú ti wà nílẹ̀. Mo gbé fóònù sókè, mo ní, “Nọ́ọ̀sì, máa rìn lo kọ ránṣẹ́ sí mi.” Ó gba fóònù náà. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ náà ní kúkúrú, tó tún ń kà á ní gígùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà. Ó ní, “Yéè! Mo ti pa ìyá.”

Ẹ rántí ohun tó tẹ̀ lé e. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní ṣebí òun ti ń sọ ọ́ pé àìfi àmì sórí ọ̀rọ̀ á pààyàn lọ́jọ́ kan. Ẹ jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn kan ní má ni, àwọn kan ní máa ni, kò sì sẹ́ni tó wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Èmi dúró láàárín yín, mo ń mi orí. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka tó ṣẹ̀ wà lára mi, ẹlòmíràn lẹ gé tiẹ̀. Oníbúrẹ́dì ní òun ò fẹ́ rí nọ́ọ̀sì níbi ìsìnkú ìyá òun. Nọ́ọ̀sì wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo wà nínú ilé, mo jókòó láàárín àwọn ẹbí. Kò tó oṣù kan tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alága ní mo fi ọgbọ́n àti sùúrù bójú tó àjálù náà.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ìdí áyọ́ọ̀nù ló jókòó dè mí sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó aṣọ ìdárayá tuntun tí ẹ rà fún mi lọ sí ilé alágbàfọ̀ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, nọ́ọ̀sì ni mo bá níbẹ̀ tó ń lọ aṣọ. Ó ti rù. Ó kí mi dáadáa, ó lọ aṣọ náà, ó wá mú páálí kékeré kan kó lè kọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó kọ ọ́ pé: “Ẹ máa fi omi tútù fọ̀ ọ́. Ẹ má sá a sóòrùn.” Gbogbo àmì ló wà níbẹ̀, kò fo ẹyọ kan. Ó kà á sókè, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí èmi náà kà á sí òun létí, kí òun lè mọ̀ pé bí òun ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe rí i. Ó ní, “Ẹ má bínú, Kóòṣì. Mi ò gba ọwọ́ ara mi gbọ́ mọ́ ni.” Ó wá bi mí bóyá mo ti dárí ji òun fún ẹ̀gàn tí òun kó bá ìdíje mi. Mo fi aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀, mo sáré jáde.

Nọ́ọ̀sì, àbúrò mi, o ò ṣì í kọ. Ohun tí o kọ gan-an ni mo kà, ó sì yé mi. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Mo ń bẹ̀ ọ́ kí o padà sídìí iṣẹ́ rẹ, nítorí àwọn aláìsàn ń wá ọwọ́ rẹ. Mo ti fi ipò mi sílẹ̀. Mo ti fi fóònù àtijọ́ náà lé káńsù lọ́wọ́, iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀; ohun tí òfin bá ní kí wọ́n fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó máa darí ìrìn yìí, ẹ pa òfin tí mo ṣe yẹn rẹ́. Bí ẹnì kan bá ní ó rẹ òun, ẹ jẹ́ kó jókòó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ní ìtumọ̀ méjì, tí ọkàn yín ń sáré lọ bá èyí tó máa ṣe yín láǹfààní, ẹ dákun, ẹ béèrè.

Oníbúrẹ́dì, àbúrò mi, ìwọ ni mo fi kẹ́yìn, nítorí ìwọ ni mo ń bẹ̀rù jù. Lọ́jọ́ ìsìnkú o bi mí pé kí ni ìyá rẹ sọ kẹ́yìn, mo ní wọ́n ní inú àwọn dùn. Irọ́ ni. Nígbà tí wọ́n di ọwọ́ mi mú níwájú ilé iṣẹ́ rẹ, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Kóòṣì, ó ti rẹ̀ mí. Ká ní ìwọ nìkan lo ní kí n máa rìn ni, ǹ bá ti jókòó. Àmọ́ ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò lè ṣì mí lọ́nà.”