Ẹrù Tí Moróunkẹ́ Bá Mi Rù

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ará àdúgbò Àgbowó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Dùgbẹ̀ àti Òkè-Àdó wá, ẹ̀yin àna wa tẹ́ ẹ wọ mọ́tò láti Ìgbòho láti àárọ̀, ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ẹ kú àfẹ́kù. Wọ́n gbé àga fún mi, mo ní mi ò jókòó. Ẹ jẹ́ n dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní Moróunkẹ́ dákẹ́ ni mi ò ti lè wà lójú kan. Mo wọ yàrá, mo jáde. Mo bu omi, mi ò mu ún. Bí mo bá jókòó, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí á jókòó sí mi lọ́fun, bó ṣe jókòó síbẹ̀ fún ọdún méje.

Láwùmí ni mo ń jẹ́. Aránṣọ ni mí. Bí ẹ ò bá mọ̀ mí, ẹ mọ aṣọ tó wà lọ́rùn àwọn akọrin wa yìí, èmi ni mo rán an. Èmi àti Moróunkẹ́ jọ lọ sílé-ìwé Onítẹ̀bọmi n'Ìgbòho ni, láti ìwé kìíní dé ìwé kẹfà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ó ṣíwájú mi dé Ìbàdàn. Òun ló wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, òun ló wá yàrá fún mi.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì péré ni. Adéṣọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó jókòó síhìn-ín, ó ku oṣù méjì kó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ti ra bàtà tó máa wọ̀ lọ síbi ayẹyẹ náà. Bàtà náà wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí i láàárọ̀ yìí. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé èyí dáa? Ẹ má tíì fi ẹsẹ Bíbélì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣé ó dáa?

Kò dáa. Moróunkẹ́ fúnra rẹ̀ ò ní í sọ fún yín pé ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé onígbàgbọ́ ni ẹni tí kì í bi Ọlọ́run ní nǹkan kan, ẹ ò bá Moróunkẹ́ gbélé. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, mo gbọ́ tó ń gbàdúrà nínú yàrá. Ó ní, "Olúwa, èyí tí o ṣe yìí ò dáa, o sì mọ̀ pé kò dáa. Mi ò ní í purọ́ fún ọ pé inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ilé ẹlòmíràn tí mo lè gbé ẹjọ́ yìí lọ. Nítorí náà, mò ń bọ̀ ní Sọ́ńdè." Ó sì lọ ní Sọ́ńdè, ó jókòó sí ìlà iwájú, ó lejú mọ́ pẹpẹ bí ẹni tó wá gba èsì.

Díákónì kan bá a wí. Ó ní, "Màmá Ṣọlá, a kì í bi Ọlọ́run léèrè." Moróunkẹ́ ní, "Ṣé Bàbá mi kọ́ ni? Bí mi ò bá bi Bàbá mi, ṣé bàbá onílé ni kí n bi?" Díákónì rẹ́rìn-ín, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín ẹ̀yin náà nìyẹn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ògá Olúdọ̀tun, olórí akọrin wa, ẹ má bínú, mo fẹ́ rán yín létí orin tí ẹ ṣe lọ́dún tí omi Ògùnpa ya wọ ilé àwọn èèyàn. Ẹ ṣe é láti fi tu ìjọ nínú ni. "Mo gbé ẹrù mi fún Ọ, Olúwa, má gbé e padà fún mi." Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ wa, ohùn Moróunkẹ́ yà sọ́tọ̀. A kọ "ẹrù", òun kọ "ẹ̀rù". Ògá dá orin dúró.

"Màmá Ṣọlá, ẹrù ni mo kọ. Ẹrù tí à ń rù lórí."

"Mo gbọ́, ògá."

A tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún kọ "ẹ̀rù".

"Màmá Ṣọlá, ohùn yín ń wolẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ gbé e sókè díẹ̀."

"Ògá, kò gbé. Ẹ̀rù ló ń bà mí ní tèmi. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó di ẹrù kọ ẹrù, kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kọ ẹ̀rù."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ògá ní olórí kunkun ni. Ọdún méje ló fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo àwa obìnrin tó wà nílà rẹ̀ ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ògá bá fi wá sílẹ̀. Àṣìkọ ni a pè é. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, mò ń padà bọ̀ sórí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọdún 1980, Òkè-Àdó la ń gbé, nílé Àlàájà Zùwáírátù tí wọ́n jókòó síwájú yìí. Àlàájà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwa ayálégbé wà nísàlẹ̀. Ìparí oṣù Kẹjọ ni. Òjò rọ̀, kò dá, odò kún, ó sì ya wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn nígbà náà, mi ò ní láti ròyìn rẹ̀ fún yín. Moróunkẹ́ àti Adéṣọlá ti lọ kí ẹnìkan ní Baṣọ̀run. Akínbíyìí, ọkọ rẹ̀, ló wà nílé. Òun ló fà mí yọ nínú yàrá mi nígbà tí omi ti mù mí dé àyà. Ó gbé mi dé orí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo ti bọ́. Òun náà ti bọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ó tún padà sọ̀kalẹ̀ lọ gbé ẹrù, tí omi sì gbé e lọ. Èyí tí ẹ mọ̀ nìyẹn. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni ẹni tó ni ẹrù.

Bàbá Ògúntúndé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n Akínbíyìí, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ẹ ní ẹrù ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ ní àpótí aṣọ Moróunkẹ́ ló padà lọ gbé. N'Ìgbòho, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Afọkọraṣọ, àwọn ọmọdé inú agbolé ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ìyá wọn. Nígbà tó lọ fún ìrántí ọdún kìíní, ẹnikẹ́ni ò fún un lómi. Ó dé Ìbàdàn, ó mu ife omi mẹ́ta léra. Mo ní, "Ṣé wọn ò fún ọ lómi mu ni?" Ó ní, "Ọ̀dá wà n'Ìgbòho lọ́dún yìí."

Ẹrù Moróunkẹ́ kọ́. Ẹrù mi ni. Maṣíìnì ìránṣọ mi ni. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ní, "Bàbá Ṣọlá, maṣíìnì mi. Ẹ bá mi gbé ẹrù mi." Ó wo omi, ó wò mí. Ó ní, "Láwùmí, omi yìí ò kéré o." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti sọ "ẹ jọ̀ọ́" fún Ọlọ́run láìmọye ìgbà láti ọjọ́ náà, kò tíì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹrù ìyàwó ni, mo dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Irọ́ ni nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Èmi dákẹ́, Moróunkẹ́ ni wọ́n ń bú.

Nígbà tí omi fà, wọ́n rí maṣíìnì náà nínú ẹrẹ̀. Moróunkẹ́ fọ̀ ọ́, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe ní Dùgbẹ̀, ó gbé e padà wá fún mi. Ó ní, "Láwùmí, maṣíìnì rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Fi rán aṣọ ọ̀fọ̀ mi." Mo rán an. Mo rò pé kò mọ̀ ni.

Ó mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ jókòó tì í nílé ìwòsàn ní Jẹ́ríkò. Mo ní kí n sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù. Mo ní, "Moróunkẹ́, ọjọ́ omi yẹn..." Ó ní, "Maṣíìnì. Mo mọ̀. Àlàájà gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, wọ́n sọ fún mi kó tó di ọjọ́ kẹjọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún ẹlòmíràn."

Àlàájà, ẹ mi orí yín kí wọ́n rí i. Ẹ ṣeun.

Mo ní, kí ló dé tó o fi gbà kí wọ́n máa bú ọ? Ó ní, "Inú bí mi sí ọ, Láwùmí. Odidi ọdún kan, bí mo bá ń kí ọ ní àárọ̀, ẹnu mi nìkan ló ń kí ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní í jẹ́ kó o gbé láàárín wa mọ́. Mo ti sin ẹnìkan. Olúwa sì ti bá èmi náà ru tèmi rí, kò pariwo mi."

Mò ń sunkún. Kí n má baà sunkún mọ́, mo fi orin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ìwọ tí o mọ ìtumọ̀ ẹrù tó báyìí, kí ló dé tó ò lè kọ ọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti kan ẹrù nínú orin yẹn, orí rẹ a wolẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo ń dúró sí, mò ń rí i. Mo ní kí ohùn kúkú wolẹ̀, kí orí rẹ lè gbé sókè."

Ẹ̀yin akọrin, àṣìkọ tí à ń sọ nìyẹn.

Moróunkẹ́ ní kí n sọ fún Adéṣọlá fúnra mi. Mo sọ fún un lánàá nílé ìdáná. Aṣọ funfun ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, apá rẹ̀ ló kù. Adéṣọlá gbọ́ ọ tán. Ó mú korobá, ó lọ pọn omi. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó sọ omi kalẹ̀, ó ní, "Àǹtí, apá aṣọ màámi ló kù. Ẹ lọ rán an." Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò sì bi í. Maṣíìnì náà ni mo fi rán an.

Bàbá Ògúntúndé, ẹ̀yin àna, ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ. Èmi ẹlẹ́rù rèé. Ẹ gba orúkọ burúkú yẹn kúrò lórí òkú, ẹ gbé e fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sin ín lọ́la.

Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ tán, ara mi á balẹ̀. Kò tíì balẹ̀. Mo ṣì fẹ́ bi Ọlọ́run ìdí tí ẹni tó yọ èèyàn nínú omi fi bómi lọ, tí ẹni tó rán an padà fi dúró síhìn-ín. Mo fẹ́ bi í nípa bàtà tó wà nínú páálí. Ṣùgbọ́n Moróunkẹ́ ti fi ilé tí wọ́n ń gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ hàn mí. Màá wà níbẹ̀ ní Sọ́ńdè. Ìlà iwájú.

Ògá Olúdọ̀tun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orin yẹn fún wa. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ṣe é gan-an. Ẹrù ni kí ẹ kọ. Orí mi ò ní í wolẹ̀.

Moróunkẹ́, máa lọ. O óò bá Akínbíyìí níbi tí omi kì í ya wọlé. Bó bá béèrè mi, sọ fún un pé mo ti jẹ́wọ́. Ẹrù mi ti dọ́wọ́ mi. Ìwọ máa lọ láìrẹrù, máa lọ láìbẹ̀rù. Ó dàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi.